Ìwé Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Ilé Oyèwálé

Ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Àtọ́kẹ́ nígbà tó rí ìwé náà. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé, òǹtẹ̀ pupa wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ kò sì tíì gbẹ. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ òǹtẹ̀ pupa yẹn. Irú rẹ̀ ló wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilé bàbá kan tó ń ra kòkó nítòsí ibùdókọ̀ Òkukù lọ́dún tó kọjá. Kí oṣù yẹn tó parí, àwọn ẹni tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí ló ń sùn nínú ilé náà.

"Bàbá Sọjí!" ó pe ọkọ rẹ̀. "Bàbá Sọjí o! Ẹ jáde wá wo nǹkan."

Oyèwálé, ọkọ rẹ̀, kò jáde.

Ọ̀ṣuntóyìn tí ojúde rẹ̀ kọjú sí tiwọn ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, pákò lẹ́nu. Ó wo ìwé, ó wo Àtọ́kẹ́, ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Lọ́yà, kí ni mò ń rí yìí? Ṣé wọ́n máa ń lẹ irú èyí mọ́ ilé bàbá lọ́yà ni?"

"Mi ò tíì mọ ohun tó wà níbẹ̀."

"Ẹ máa mọ̀ ọ́n. Òǹtẹ̀ yẹn kì í mú ire wá." Ó sọ ọ́ sókè kí àwọn tó ń lọ sódò lè gbọ́, wọ́n sì gbọ́. Ẹni méjì dúró, ó di mẹ́rin, ó di mẹ́jọ.

Tíṣà Àlàbí tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Àtọ́kẹ́ dì í lọ́wọ́ mú pé kó bá òun kà á. Tíṣà kọ́kọ́ kà á sínú, ètè rẹ̀ ń mì, kó tó yíjú padà.

"Màmá, ṣé Bàbá wà nílé?"

"Kà á fún mi ná."

"Wọ́n ní àwọn máa lu ilé yìí ní gbàǹjo láago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Adéjàre, olówó-èlé tó wà ní Ìkìrun, ló ní kí wọ́n tà á. Wọ́n ní Bàbá fi ilé dógò lọ́dún 1953, wọn ò sì tíì rà á padà." Ó gbé ẹsẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Ohun tí wọ́n kọ ni mo kà."

Ọjọ́bọ̀ lọjọ́ náà. Ọjọ́ méjì péré ló kù.

Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n Àtọ́kẹ́ kò gbọ́ wọn mọ́. Ọdún 1953 ló ń gbọ́. Ọdún yẹn ni Olúsọjí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kọ́ òfin. Ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un nígbà náà pé owó kòkó ni òun fi rán an.

Nígbà tó wọ inú ilé, ó bá Oyèwálé tó jókòó sí etí ibùsùn, ó ti ki apá kan bọ inú bùbá rẹ̀, apá kejì ṣì wà níta.

"Wọ́n fẹ́ lu ilé yìí ní gbàǹjo."

"Mo gbọ́."

"Ẹ gbọ́, ẹ ò jáde?"

"Kí n jáde lọ sọ kí ni?"

"Kí ni ìdí tẹ́ ẹ ò fi sọ fún mi? Ọdún mẹ́jọ rèé!"

"Bí mo bá sọ fún ọ, wàá ní kí ọmọ má lọ mọ́."

Àtọ́kẹ́ fi ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ti ògiri. Òótọ́ ni. Òun ì bá ní kó má lọ.

"Kì í ṣe ilé yín nìkan," ó wí. "Bàbá yín ló kọ́ ọ, gbogbo yín lẹ ni ín. Ṣé Ẹ̀gbọ́n Fátóògùn mọ̀ sí i?"

Oyèwálé bojú wo ògiri ẹ̀yìn ilé bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀. Fátóògùn ni olórí ẹbí wọn. Àgbàlá rẹ̀ ló kan tiwọn. "Má pariwo," ó wí. "Mo bẹ̀ ọ́, má pariwo."

"Ẹ ò tíì gbọ́ ariwo. Ẹ bojú wo ìta ná! Ọ̀ṣuntóyìn ti ń ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá!"

Ó ti ń fa ìró mọ́dìí. Ó mú apẹ̀rẹ̀ tó fi kó ọ̀lẹ̀ sí, èyí tó fi ẹ̀wà sè láàárọ̀ kùtùkùtù.

"Ibo lò ń lọ?"

"Ìkìrun. Ọ̀dọ̀ Sọjí."

Oyèwálé dìde fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. "Má sọ fún un. Ohun yòówù tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, kó ṣẹlẹ̀. Kí ọmọ yẹn má ṣáà mọ̀ pé…"

Ògì tí wọ́n gbé kaná ti ń jóná nínú ìkòkò, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Kò sẹ́ni tó gbé e kúrò lórí iná nínú àwọn méjèèjì.

Nínú lọ́rí, Àtọ́kẹ́ fi ìborùn bo orí dé iwájú. Nígbà tí wọ́n dé Inísà, àwọn obìnrin méjì wọlé, wọ́n sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ ò tíì ṣí tí ọ̀kan fi bẹ̀rẹ̀.

"O ti gbọ́ ti Òkukù? Wọ́n fẹ́ ta ilé bàbá lọ́yà."

"Lọ́yà wo?"

"Èyí tó wà ní Ìkìrun, tó ń bá àwọn olówó-èlé ṣẹjọ́."

"Kò lè jẹ́ òótọ́. Òun tó ń gba ilé àwọn ẹlòmíràn sílẹ̀?"

Àtọ́kẹ́ di apẹ̀rẹ̀ mú sórí itan, kò sì yíjú padà títí wọ́n fi dé Ìkìrun. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ láàárọ̀ ti dé Inísà ṣáájú rẹ̀.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì Olúsọjí wà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń ta abọ́ tánganran. Àwọn tó ń dúró dè é jókòó sórí bẹ́ńṣì gígùn lẹ́nu ọ̀nà. Akọ̀wé rẹ̀ ní ẹnì kan wà lọ́dọ̀ Lọ́yà, kí Màmá jókòó díẹ̀. Àtọ́kẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀, tó wọ aṣọ àdìrẹ tó ti ṣá. Ó ní Ọ̀ṣúnkẹ́mi lorúkọ òun, Ìbà lòun ti wá.

"Ọ̀la lẹjọ́ mi," obìnrin náà sọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. "Ní kóòtù ńlá Òṣogbo. Ọkọ mi kú, ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ni Adéjàre mú ìwé wá pé oko kòkó wa ti di tòun. Mo lọ bá lọ́yà mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn ò lè bá ọkùnrin yẹn fà á. Eléyìí nìkan ló gbà."

Àtọ́kẹ́ yíjú kúrò lára rẹ̀ nígbà tó gbọ́ orúkọ náà. Ó ṣí apẹ̀rẹ̀, ó yọ ọ̀lẹ̀ kan, ó tú ewé rẹ̀, ó sì nà án sí i. "Ẹ jẹun. Ẹ ò jọ ẹni tó jẹun láàárọ̀ yìí."

Ọ̀ṣúnkẹ́mi dúpẹ́, ó ń jẹ ẹ́. Inú ẹnu rẹ̀ ni ọ̀lẹ̀ wà nígbà tí ọkùnrin kan gun àtẹ̀gùn wá sókè. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, agbádá funfun ló wọ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Ó kí gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìyá Ìbà, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé wọ́n ń lọ sílé ìwé dáadáa?" Ọ̀ṣúnkẹ́mi gbé ọ̀lẹ̀ tó kù sórí itan. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ Lọ́yà ń jáde lọ́wọ́. Ọkùnrin náà wọlé láìjẹ́ pé wọ́n pè é.

Pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn yẹn. Gbogbo wọn lórí bẹ́ńṣì ló ń gbọ́.

"Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò ní pẹ́. Ẹjọ́ ìyá Ìbà yẹn, ọ̀la náà ni, àbí?"

"Ọ̀la ni, Ọ̀gbẹ́ni Adéjàre." Ohùn Olúsọjí le. "Adájọ́ máa bi yín bóyá ẹ ní láísẹ́ǹsì lọ́dún tẹ́ ẹ yá ọkọ rẹ̀ lówó. Ó máa bi yín bóyá ẹ fún un ní ẹ̀dà ìwé tó tẹ̀ka sí, bí òfin ṣe wí. Ó sì máa béèrè orúkọ ẹni tó kọ ìwé náà fún ẹni tí kò mọ̀wé kà. Ẹ lọ múra sílẹ̀."

"Ẹ bá mi bẹ obìnrin náà kó fagi lé ẹjọ́ náà. Ká yanjú rẹ̀ nílé."

"Kò sí ohun tó máa yanjú nílé."

Wọ́n gbọ́ ìró ìwé tí wọ́n ń tú.

"Ẹ bá mi wo èyí ná. Ẹ wo àtàǹpàkò tó wà nísàlẹ̀. Ẹ ka orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Àtọ́kẹ́ di etí bẹ́ńṣì mú.

"Owó ọkọ̀ òkun yín ni," Adéjàre wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Nígbà tẹ́ ẹ padà dé, inú mi dùn. Mo sọ fún ìyàwó mi pé owó mi ló di lọ́yà yẹn. Mi ò da bàbá yín láàmú rí, ẹ bi í. Ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í da èmi láàmú. Ẹ fi ìyá Ìbà sílẹ̀, ìwé á kúrò lára ògiri bàbá yín. Dírẹ́bà mi máa dé Òkukù nírọ̀lẹ́ òní láti gba èsì, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ̀ ń lọ."

Ó jáde. Nígbà tó dé iwájú Àtọ́kẹ́, ó tẹríba. "Màmá, ẹ kú ìrìn o. Ẹ bá mi kí Bàbá."

Ọ̀ṣúnkẹ́mi yíjú sí i díẹ̀díẹ̀. "Ẹ̀yin ni ìyá Lọ́yà?"

Àtọ́kẹ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Obìnrin náà fi ewé wé ọ̀lẹ̀ tó kù, ó rọra dá a padà sínú apẹ̀rẹ̀. "Bí wọ́n bá fi mí sílẹ̀," ó wí, ó ń wo ilẹ̀, "mi ò ní bá wọn bínú. Ilé bàbá wọn ni."

Ilẹ̀kùn ṣí, Olúsọjí jáde. Ó rí ìyá rẹ̀, kò kí i, ó sì jẹ́ ọmọ tí kì í gbàgbé ìkíni. Ó sọ fún Ọ̀ṣúnkẹ́mi pé kó máa lọ sílé, kó sì tètè dé kóòtù lọ́la.

"Ṣé ẹ̀yin náà máa wà níbẹ̀, Lọ́yà?"

Olúsọjí ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ nínú àpò. Ó wá a pẹ́.

Nínú ọkọ̀, ó wa ọkọ̀ kọjá Inísà kó tó sọ̀rọ̀. "Màmá, ṣé Bàbá Fátóògùn mọ̀?"

"Kò mọ̀."

"Ẹnikẹ́ni nínú ẹbí?"

"Èmi tó ń bá a sùn ò mọ̀, Sọjí."

"Bó bá jẹ́ pé olórí ẹbí ò mọ̀, adájọ́ lè dá gbàǹjo yẹn dúró. Ilé ẹbí ni, ẹnì kan ò lè dá a fi dógò. Ṣùgbọ́n Bàbá Fátóògùn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé mi dé kóòtù lọ́la, kí wọ́n búra pé àwọn ò mọ̀. Bàbá sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ fún wọn lónìí." Ó dín eré ọkọ̀ kù. "Bí wọn ò bá gbà, tí mo sì ṣẹjọ́ ìyá Ìbà lọ́la, ẹ ò ní nílé mọ́ lọ́jọ́ Sátidé."

"Bí o ò bá ṣe é ńkọ́?"

Ó tẹjú mọ́ ọ̀nà. "Ẹ máa nílé."

Nígbà tí wọ́n dé, èrò ṣì wà níwájú ìwé náà, ṣùgbọ́n Oyèwálé ò sí nílé. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bàtà rẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn. Àtọ́kẹ́ wo ìṣó tí ọkọ rẹ̀ máa ń gbé okùn oko rẹ̀ kọ́. Okùn ò sí níbẹ̀.

"Okùn dà?" ó wí. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ti lọ sókè. "Sọjí, okùn bàbá ẹ dà?"

Ọmọ rẹ̀ wo ìṣó náà. Ó bọ́ ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn ilé sáré jáde. Àtọ́kẹ́ sá tẹ̀ lé e lọ́nà oko, ó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀, orúkọ tí kò fẹnu pè láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e níyàwó. Ẹ̀gún ya ìró rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé kó má gbójú sókè wo igi kankan, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lórí àwọn igi.

Ìdí àká iṣu ni wọ́n ti bá a. Ó wà láàyè. Ó ti fi okùn di àga igi kan, àga àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sí, ó gbé e pamọ́ sáàárín ewé gbígbẹ. Òógùn bò ó.

"Wọ́n á tà á mọ́ ilé," ó wí nígbà tó rí wọn. "Mo ní kí wọ́n má rí i tà."

Àtọ́kẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Olúsọjí dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí kóòtù.

"Dìde," Oyèwálé wí. "Èmi ni mo yẹ kí n dọ̀bálẹ̀. Dìde, erùpẹ̀ ń ba aṣọ ẹ jẹ́."

Ọ̀nà ilé gùn fún wọn. Olúsọjí sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀: ti Adéjàre, ti ìyá Ìbà, ti ìbúra. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Fátóògùn, ó dúró. Àtọ́kẹ́ rò pé ó fẹ́ padà sẹ́yìn. Ó wọlé.

Fátóògùn wà níwájú yàrá rẹ̀, ó ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ́ ewúrẹ́. Oyèwálé dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ ọ́ láìgbórí sókè. Ọ̀rọ̀ náà ò gùn. Nígbà tó parí, ewúrẹ́ ṣì ń jẹ ewé.

Àtọ́kẹ́ ń dúró de èébú. Kò gbọ́ èébú.

"Ṣé alẹ́ lo lọ bá a," Fátóògùn béèrè, "àbí ọ̀sán?"

"Ọ̀sán ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ó ní kó o má yọ ara rẹ lẹ́nu pé kí wọ́n kà á fún ọ? Pé àárín àgbà méjì ni?"

Oyèwálé gbórí sókè. "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Fátóògùn ju ewé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Oko Ìgbàyè," ó wí. "Èmi náà fi í dógò fún un lọ́dún tó tẹ̀ lé tìrẹ. Nígbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ń ṣàìsàn."

Oko kòkó gbogbo ẹbí ni oko Ìgbàyè. Olúsọjí jókòó sórí òkúta kan bí ẹni tí wọ́n lù.

"Ìwé wọn dà, Bàbá?" ó béèrè. "Èyí tí wọ́n fún yín?"

"Wọn ò fún mi níwèé kankan."

"Bàbá tèmi ńkọ́?"

"Kò fún èmi náà."

Ohùn kan ti òdì kejì ògiri wá. "Wọn ò fún ọkọ mi náà." Ọ̀ṣuntóyìn ni. Ó ti ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ó sì yí gba ẹnu ọ̀nà wọlé láìtijú. Ojú rẹ̀ ò dà bíi ti àárọ̀. "Ilẹ̀ tí à ń gbé ló fi dógò. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń wo ògiri mi kí n tó gbálẹ̀. Nígbà tí mo rí i lára tiyín láàárọ̀…" Ó fi etí ìró nu ojú. "Mo dúpẹ́ pé kì í ṣe tèmi. Ìdí ariwo mi nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́."

Olúsọjí fa bébà yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ: orúkọ, ọdún, ohun tí wọ́n fi dógò, àti pé wọn ò fún wọn ní ẹ̀dà. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí olórí ẹbí wọn.

"Mi ò ní tàn yín, Bàbá. Bí ẹ bá búra lọ́la lórí ilé yìí, lọ́yà wọn máa bi yín nípa oko Ìgbàyè níwájú gbogbo èèyàn. Ẹ ò sì gbọdọ̀ purọ́. Ẹbí á gbọ́, ìlú á gbọ́."

Fátóògùn wo ọwọ́ rẹ̀.

Wọ́n gbọ́ ìró ọkọ̀ níwájú ilé, fèrè rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀mejì. Àtọ́kẹ́ fò sókè. Wọ́n jáde síta. Dírẹ́bà Adéjàre ò sọ̀kalẹ̀, ó kàn yọ orí lójú fèrèsé.

"Ọ̀gá ní kí n wá gba èsì, Lọ́yà."

Àwọn aládùúgbò dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Olúsọjí wo ìyá rẹ̀, ó wo ilé. Àtọ́kẹ́ rí i pé ọmọ òun ò mọ ohun tó máa sọ. Ẹ̀rù tó bà á nígbà yẹn ju ti ìdí ìṣó lọ.

Oyèwálé kọjá lára ọmọ rẹ̀, ó dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ mú ojú fèrèsé náà.

"Sọ fún ọ̀gá ẹ pé ọmọ mi ń lọ gba ẹjọ́ ìyá Ìbà rò lọ́la. Sọ pé Oyèwálé tó tẹ̀ka ló ní kó lọ."

"Bàbá, ṣé bí mo ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kó o ṣe sọ ọ́."

Ọkọ̀ náà yí padà sí ọ̀nà Ìkìrun, eruku rẹ̀ bo ìwé tó wà lára ògiri. Oyèwálé ò kúrò lójú kan. Àtọ́kẹ́ lọ dúró tì í.

"Sọjí, ṣé wọn ò ní ta ilé náà?" ó béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mi ò mọ̀, Màmá."

Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ ohùn Fátóògùn lẹ́yìn wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di férémù ilẹ̀kùn mú lọ́wọ́ méjèèjì, kò sì wo ẹnikẹ́ni lójú.

"Olúsọjí," ó wí, "aago mélòó la máa gbéra lọ sí Òṣogbo lọ́la?"